Òru Kan ní Ilé Ìtura

Orúkọ méjì ni hòtẹ́ẹ̀lì ní ní èdè wa. Àwọn kan ń pè é ní ‘ilé àlejò’, àwọn mìíràn ń pè é ní ‘ilé ìtura’. Orúkọ àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ẹni tí wọ́n kọ́ ilé náà fún. Èkejì ń tọ́ka sí ohun tí ó yẹ kí ẹni náà bá níbẹ̀. Bí ènìyàn bá wá sùn sí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí kò rí ìtura, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe é ní àlejò, kí ni kí á máa pe ibẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo ń bi ara mi ní nǹkan bí aago méjì òru, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 2024, níbi tí mo jókòó sí ní etí ibùsùn nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo fi ìrọ̀rí di etí mi méjèèjì, tí ìrọ̀rí náà kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí yóò mọ́ ni ọjọ́ Ojúde Ọba.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí òru náà fi ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń péjọ sí iwájú ààfin Awùjalẹ̀, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe ọmọlẹ́yìn Kírísítì, láti wá júbà ọba. Àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin, wọn a sì máa yìnbọn. Àwọn régbérégbé a máa jó kọjá ní ẹgbẹ́ ní ẹgbẹ́ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n jọ rà. (Ọdún tí mo ń wí yìí náà ni àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn ká gbogbo ayé.) Régbérégbé ni ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ sí ara wọn. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó jọba láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ni ó jí ètò náà dìde nígbà tí ó ń kú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ẹni ọdún 76 ni nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dínkù lọ́dọọdún, òun náà sì ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé òun fẹ́ jó ní ti ọdún yìí, nítorí pé òun kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun yóò tún gbé òun dé ibẹ̀ ní èyí tí ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìbàdàn gbà pé kí ó lọ, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí ó má ṣe fi oorun du ara rẹ̀. Èmi ni ó kọ ojú sí nígbà tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà.

Agbo-ilé wa wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ àbúrò bàbá wa ni ó ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú pé òun ti kun yàrá kan fún ìyá wa. Bí ó ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Èmi ni mo ní kí á má lọ síbẹ̀. Mo ní ilé yóò kún. Mo ní àwọn ọmọdé yóò máa pariwo. Mo ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí kọ ojú sí fèrèsé gan-an. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní abẹ́ rẹ̀ tí n kò sọ jáde: láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ti máa ń dùn mọ́ mi kí àwọn ará ilé gbọ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi tán, ó ní, “Ṣé ilé bàbá mi ti wó ni?” Mo ní kò wó. Ó ní, “Ṣé wọ́n lé mi níbẹ̀ ni?” Mo ní rárá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n ṣe é bí mo bá ti rò pé ó dára. Àgbà tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ni, ẹrù ni ó dì lé ni lórí.

Mo ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ àlejò ṣeré. Bí àlejò bá wọlé, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un, kí á tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. A ó kí i kú ìrìn, a ó kí i kú ewu ọ̀nà, a ó béèrè àwọn tí ó fi sílẹ̀ nílé. Bí ibùsùn kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé, onílé ni yóò tẹ́ ẹní sí ilẹ̀. Bí àlejò bá sì ń lọ, a kì í jẹ́ kí ó dá jáde. A ó sìn ín dé ibi tí ó bá ti ní kí á máa padà bọ̀. Ohun tí n kì í sábà fi kún ẹ̀kọ́ náà ni pé òfin wà fún àlejò pẹ̀lú. Kò gbọdọ̀ ráhùn. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, yóò jẹ ẹ́, yóò sì ní ó dùn. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ mọ́jú, tí onílé bá bi í ní òwúrọ̀ pé ṣé ó sùn dáadáa, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu rẹ̀: a dúpẹ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń túmọ̀ òwe yìí sí àìmọ̀kan, pé àlejò kò mọ kọ̀rọ̀ ìlú. Ní tèmi, mo rò pé ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé náà: ó rí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rí i. Nítorí èyí gan-an ni hòtẹ́ẹ̀lì ṣe wù mí. Ẹni tí ó sanwó kò jẹ oore ẹnikẹ́ni. Ó lè la ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì lè ráhùn bí ó bá ti wù ú.

Ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìtàn wa. Ní ọdún 1947, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Bristol kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Cummings, láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti wá, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ni. Ìlú gbóná. Àwọn olóṣèlú àti àwọn oníwèé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìjọba lọ́rùn títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ ní ọdún kan náà pé kò gbọdọ̀ sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì kọ́ Premier Hotel sí orí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, àwa ọmọdé a máa dúró ní ìsàlẹ̀ ní alẹ́ láti wo iná rẹ̀, bí ẹni ń wo òṣùpá. Àwọn bàbá wa jà kí ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì lè ṣí fún wa. Wọn kò tíì wọlé débi tí wọn yóò fi bèèrè bóyá ènìyàn lè rí oorun sùn níbẹ̀.

N kò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tí a wọ̀ sí. Yàrá méjì ni mo ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, N45,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kì í bá ṣe ti ọdún, kò tó ìdajì iye yẹn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a dé. Ọmọbìnrin kan jókòó sí ìdí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wo fóònù rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. A dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 76, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀pá, ni ó wá kí ọmọ náà: “Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ọmọ náà na ìwé kan sí wa, ó ní, “Ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀.”

Gbogbo ohun tí ó kù nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú wa, n kò ní fi gùn. Ẹ̀rọ omi tí a ṣí nínú balùwẹ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ó rẹ̀, kò sì tú omi. Aṣọ ìnura kan ni ó wà fún yàrá méjì. Ìkọ́kọrẹ́ wà nínú ìwé oúnjẹ wọn, kò sí nínú ìkòkò wọn. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan oúnjẹ mẹ́fà ni mo dárúkọ kí á tó dé orí ìrẹsì, ìrẹsì náà sì dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀, ó ti tutù. Irú nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀, àgbàlagbà sì lè fi omi tútù jẹ gààrí Ìjẹ̀bú kí ó sùn. Ohun tí ó dùn mí ni kíkí yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ó ń retí kí ẹlòmíràn jáde láti inú ilé wá sọ pé ẹ káàbọ̀.

Ariwo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Abẹ́ fèrèsé wa ni ẹ̀rọ amúnáwá wà, a kò sì mọ̀ ọ́n nítorí pé iná ìjọba ṣì wà nígbà tí a dé. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ife tí mo gbé sórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí. N kò ní rẹ́ ẹni tí ó ni hòtẹ́ẹ̀lì jẹ lórí èyí. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n wà ní ìpele Band A dé N225 fún ìwọ̀n kan. Bí iná bá wà, gbèsè ni, bí kò bá sì sí, dísẹ́ẹ̀lì ni, gbèsè náà ni. Ẹ̀rọ tí kò pariwo, owó gọbọi ni. Èyí yé mi. Ṣùgbọ́n kò tíì tó ìdajì wákàtí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀rọ náà mọ́ra tí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ fi tú ohùn tirẹ̀ sókè. Régbérégbé kan ni ó gba ibẹ̀ láti ṣe àìsùn ọdún. Wọ́n kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó ilẹ̀kùn. Ìlù kò tilẹ̀ gba etí wọlé mọ́, àyà ni ó ń gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra ariwo. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò kórìíra rẹ̀? Ilé tí kò bá sí ariwo, a ó ní ó dá páropáro, a ó sì béèrè bóyá nǹkan ṣe wọ́n. Àìsùn kì í ṣe àṣà àjèjì. A ń ṣe àìsùn òkú, a ń ṣe àìsùn ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe àìsùn, ojúde ara rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ṣáájú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò ti lọ sùn sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, àwọn tí ó kù yóò jáde wá jó, nítorí pé òkú náà tàbí ìyàwó náà kàn wọ́n. Òru ní ẹni tí ó ni ín. Ní ìlú tí Orò bá ti ń jáde, ọmọdé mọ̀ pé òru náà ti ní olówó orí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ní òru ọjọ́ tí mo ń wí ni pé òru kan náà ni hòtẹ́ẹ̀lì náà tà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ta á fún mi láti fi sùn. Wọ́n sì ta á fún àwọn ará ìsàlẹ̀ láti fi jó. Wọ́n gba owó ní ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gbà á ní ọwọ́ òsì, wọ́n sì lọ sí ilé wọn lọ sùn.

Òwe wa kan ní bí aládùúgbò ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn ní òru. Mo lọ sọ fún wọn. Òwe náà kò ṣáà sọ ohun tí a ó ṣe bí ó bá jẹ́ pé aládùúgbò náà ti san owó kòkòrò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin ọ̀sán ti lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo bá ní ìdí tábìlì, kò lè ju ẹni ọdún 22 lọ. Ní aago mọ́kànlá mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Wọn yóò tó parí.” Ní aago méjìlá kọjá mo tún lọ. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Máníjà ti lọ sílé, kò sì gbé fóònù.” Mo padà sí yàrá. Mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó sórí àga, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ó ní oorun kò tíì kun òun.

Mo padà lọ jókòó, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ náà, “ẹ má bínú.” Mo ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà ní ayé mi, n kò sì gbọ́ ọ rí bí mo ṣe gbọ́ ọ ní òru yẹn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ fún. Ìwọ ni kí o má bínú. Èmi kò sọ ohun tí èmi yóò ṣe. Ní ilé, ọ̀rọ̀ náà kì í dá rìn. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀bẹ̀ yóò kúnlẹ̀, ẹnìkan tí ó ju àwọn méjèèjì lọ yóò jókòó láàárín, yóò bèèrè pé kí ló dé, yóò sì sọ fún ẹni tí ó jẹ̀bi pé, “Dìde, lọ tún un ṣe.” Baálé wà tí à ń kó ẹjọ́ lọ bá. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, baálé kò gbé fóònù. Ẹ̀bẹ̀ wá ṣẹ́kù ní òun nìkan, bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí kò ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé òfin wà. Ní ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ àjọ NESREA, ti gbé ìlànà jáde lórí ìwọ̀n ariwo, tí ti òru sì kéré sí ti ọ̀sán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20, pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí mélòó kan, nítorí ariwo. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà lọ́kàn, gbólóhùn gígùn gígùn, mo fi ọdún àti nọ́ńbà sí i. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni inú ń bí mi sí i. Nígbà tí aago lu méjì, mo sọ ìrọ̀rí sílẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà kẹta.

Ọmọ náà tún dìde. Ó tún la ẹnu, ó ní, “Bàbá, ẹ má—” N kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Mo kígbe mọ́ ọn. Mo sọ iye tí mo san, mo sọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo sọ àwọn ẹni ńlá tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ èyí tí n kò lè kó padà: mo ní ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé ni.

Ó wo ilẹ̀. Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní, “Wọ́n kọ́ mi, bàbá. Ìyá mi kọ́ mi pé bí àgbà bá ń bínú, n kò gbọdọ̀ dá a lóhùn, kí n ṣáà máa ní kí ó má bínú. Ohun tí mo ń ṣe láti ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi lọ sọ fún àwọn ará gbọ̀ngàn kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní owó gbọ̀ngàn ju owó gbogbo yàrá òkè lọ, pé bí òun bá wọlé, wọn yóò bi òun pé ta ni òun. Ó ní láti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni òun ti wà ní ìdí tábìlì, nítorí pé ẹnì kejì òun lọ ṣe Iléyá ní ilé wọn, kò sì tíì padà. N kò rí ohun sọ. Àṣé ẹ̀gbọ́n mi ti dúró sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi, ó fi ìborùn bo èjìká. N kò mọ ìgbà tí ó débẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ, nítorí pé kò wo ojú mi.

Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bi ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀. Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ọmọ náà ní kò tíì jẹ. Ó ní, “Àwọn wo ní ń jó níbẹ̀ yẹn?” Ọmọ náà dárúkọ régbérégbé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ gbọ́, àwọn àbúrò wa ni,” ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo fẹ́ dá a dúró. Kò dáhùn.

Ijó ni ó bá wọlé. Kì í ṣe ijó púpọ̀, ọ̀pá ṣáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń mi èjìká sí ìlù náà, bí ẹni tí wọ́n pè. Obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ rí i, ó sì kúnlẹ̀. Ó bi í pé ẹgbẹ́ wo ni ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ régbérégbé tirẹ̀. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún, àwọn tí wọ́n ní ilé ní Èkó, tí wọ́n gbé ọkọ̀ ńláńlá sí ìta, ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbádá lára. Ẹni tí ń lu àwo orin pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àdúrà fún wọn: ọdún á yabo, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Kò sọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, kò sọ̀rọ̀ owó, kò dárúkọ òfin kankan. Ó ní, “Èmi náà ń jó lọ́la o. Òkè yìí ni mo wà. Ẹ bá mi jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi díẹ̀.” Wọ́n ní, “Ẹ dákun, ìyá wa, a kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.” Wọ́n fi mọ́ínmọ́ín àti ẹran Iléyá sí abọ́ méjì fún un. Nígbà tí a jáde, ó gbé abọ́ méjèèjì fún ọmọ tí ó wà ní ìdí tábìlì.

Orin náà lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó wọlé tún gbé e sókè; bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rọ amúnáwá kò tilẹ̀ sinmi rárá, kò ní ẹgbẹ́, kò sì mọ àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti sùn ní tirẹ̀. Èmi kò sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo gbọ́ tí wọ́n gbé nǹkan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Garawa omi gbígbóná ni, ó ní ìdérí. Ọmọ náà ti lọ fa omi ní kànga ilé kejì, ó sì ti gbé e ka iná. Ó tún gbé òmíràn wá fún mi. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo sì mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n sọ, ọ̀rọ̀ kan náà tí òun ti ń sọ fún mi láti ìrọ̀lẹ́ ni. Owó ni mo mú jáde, N2,000. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá.” Nígbà tí máníjà dé ní aago méje ààbọ̀, mo rò ẹjọ́ mi, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá, ọdún ni,” ó sì ní kí wọ́n fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Owó orí ọjà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, pé pérépéré nínú ìwé owó tí wọ́n kọ fún wa. Mo wo ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì náà, mo sì rántí N2,000 mi.

Ẹ̀gbọ́n mi jó ní ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ jó, mo sì ní àwòrán rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n kí á tó lọ, a kọ́kọ́ yà sí agbo-ilé, nítorí pé ibẹ̀ ni aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ìyàwó ilé ti kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí á tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé omi lọ́wọ́. Ó mú ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá tí wọ́n kùn. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn díẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sùn sí i. Pẹ̀lú bí ilé ṣe kún tó, orí ẹní ni gbogbo wọn sùn sí, wọ́n dá yàrá yẹn sí. Ọmọ àbúrò bàbá wa wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ìyá wa, ṣé ẹ sùn dáadáa?”

Mo wo ògiri.

“A dúpẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Àbúrò mi tọ́jú mi gan-an.”

Ó ní kí wọ́n tó wé gèlè fún òun, òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kí á tó fa ilẹ̀kùn dé, ó ti sùn. Àwọn ọmọ ilé ń ké ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, wọ́n ń lé àgùtàn kan kiri. Ìyàwó ilé bọ́ sí ìta, ó ní, “Ìyá ń sùn.” Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn dákẹ́.